Ta Ló Sọ Pé Ayé Ti Parun?

Àsàlámù àlékúmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ jẹ́ n tètè dé ibi tó ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láàárín wa. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ sí, láti fi bẹ àwọn aláṣẹ ayé pé kí wọ́n dá ogun dúró, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá kan fi dá a lóhùn pé, "Jókòó, ọmọ. Ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣé bébà ló máa dá bọ́ǹbù dúró?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀, ó jókòó. Mo wà níbẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ń dá mi lóró títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Muslim gbà wá, Ànábì ní bí èèyàn bá wí pé àwọn èèyàn ti parun, òun gan-an ló parun jù nínú wọn. Ẹni tó sọ ọ́ nítorí pé ohun tó ń rí ń pa á lẹ́kún, tiẹ̀ yàtọ̀, àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹkún nínú rẹ̀.

Ẹ rántí Hudaybiyyah, ibì kan nítòsí Mẹ́kà, ọdún 6 lẹ́yìn Híjírà. Nǹkan bí 1,400 sàhábà tẹ̀lé Ànábì láti lọ ṣe Úmírà. Àwọn Kùráíṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, dínà mọ́ wọn, wọ́n rán Suhayl ọmọ Amr wá bá wọn ṣàdéhùn. Bí Ànábì ṣe rí i lókèèrè, ó ní ọ̀rọ̀ yín ti dẹ̀rọ̀, nítorí ìrọ̀rùn wà nínú orúkọ Suhayl. Ẹ wo ọkàn yẹn! Inú orúkọ ẹni tó wá dojú kọ ọ́ ló ti ṣa ìrètí. Suhayl ò gbà kí wọ́n kọ "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun" sínú ìwé àdéhùn. Ali tó ń kọ ìwé náà ní òun ò lè pa á rẹ́ láé. Ànábì ní kí wọ́n fi ibẹ̀ han òun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Nítorí kí ogun lè dúró fún ọdún 10!

Ó wá ní kí àwọn èèyàn dìde, kí wọ́n pa ẹran wọn, kí wọ́n fá orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò dìde. Àwọn sàhábà o! Ìbànújẹ́ ti so wọ́n mọ́lẹ̀, nítorí àdéhùn náà ní kí wọ́n padà sílé lọ́dún yẹn láìṣe Úmírà. Ó wọlé tọ Ummu Salamah ìyàwó rẹ̀, ó ròyìn fún un. Obìnrin ọlọ́gbọ́n yìí ní kó jáde, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó pa ràkúnmí tirẹ̀, kó pe ẹni tó máa fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń fá orí ara wọn.

Àdéhùn ọdún 10 náà ò ju nǹkan bí ọdún 2 lọ tí àwọn tó wà lẹ́yìn Kùráíṣì fi dà á. Síbẹ̀, láàárín àkókò kékeré tí idà sinmi yẹn, àwọn 1,400 ti di 10,000 nígbà tí wọ́n wọ Mẹ́kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín fídíò òkú ọmọlọ́mọ kiri orí fóònù, tí ẹ ń hó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun! Ànábì ní títún àárín àwọn èèyàn ṣe ga ju ààwẹ̀, ìrun àti sàárà lọ, pé bíba àárín jẹ́ ni abẹ tó ń fá nǹkan, kì í sì í ṣe irun ló ń fá, ẹ̀sìn ni. Báwo lẹ ṣe máa ṣe "Àmín" sí àádúà àlàáfíà lónìí, kí abẹ wà lọ́wọ́ yín lálẹ́?

Ẹ ní bébà ò lè dá bọ́ǹbù dúró. Lọ́dún 1992, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló kọ́kọ́ para pọ̀ láti lòdì sí bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, èyí tó ń já ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ní December 1997, orílẹ̀-èdè 122 fọwọ́ sí ìwé ní Ottawa, ní Kánádà, pé àwọn ò ní lò ó mọ́. Àwọn alágbára kan ò fọwọ́ sí i, àwọn kan sì ti yọwọ́ padà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ṣé nítorí ìyẹn la ó ṣe sọ fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé méjèèjì pé àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn fi àsìkò ṣòfò?

Ọmọ mi, gbé ìwé yẹn wá lónìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí, ẹ̀yin ni n ó gbé bíró náà fún.