Ta Ló Yẹ Kó Yí Òfin Àwọn Sójà Padà: Adájọ́ Ni àbí Aṣòfin?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ìbéèrè yìí ni mo tún tẹ̀ síbí yìí, torí àwọn tí ò ráyè wá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2010, adájọ́ kan ní ìlú Riverside ní California, Virginia Phillips lorúkọ ẹ̀, ó pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà pátá, sójà ì báà wà ní Texas, ì báà wà ní Jámánì tàbí Afghanistan, kí wọ́n jáwọ́ nínú òfin tí wọ́n ń pè ní "Má bèèrè, má sọ" lójú ẹsẹ̀. Ọdún 1993 nilé aṣòfin wọn ṣe òfin yẹn: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, lè ṣiṣẹ́ sójà tó bá ti pa ẹnu ẹ̀ mọ́, àmọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n máa lé e. Àwọn tí wọ́n lé lọ lé ní 13,000. Èmi ò sì ní dá òfin yẹn láre láéláé, ìyà ni wọ́n fi jẹ àwọn èèyàn yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe lọ. Pentagon, ìyẹn orílé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ní káwọn tó ń gba èèyàn sí iṣẹ́ ológun máa gba fọ́ọ̀mù irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kóòtù ṣì lè yí i padà o. Sójà kan, Dan Choi, tí wọ́n ti lé tẹ́lẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí, ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba sójà ní Times Square, New York, ní ọjọ́ 19, ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá àṣẹ Phillips dúró. Ọjọ́ mẹ́jọ péré! Sójà tó sọ fún ọ̀gá ẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, tó rò pé òfin ti wà lẹ́yìn òun, ta ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án?

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ìbò ni. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò 250 sí 175, àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò 65 sí 31, Obama fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 22, wọ́n sì fi sínú òfin náà pé ààrẹ, mínísítà ètò ààbò àti olórí àwọn ọ̀gágun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun ti múra tán, kí wọ́n wá ka 60 ọjọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n fi àárín àkókò yẹn dá àwọn sójà lẹ́kọ̀ọ́, òfin àtijọ́ sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 2011, kò sì sí kóòtù tó jí i dìde.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé aṣòfin ló yẹ kó yí òfin sójà padà ni pé ìwé òfin Amẹ́ríkà ò fi nǹkan pa mọ́: ilé aṣòfin ló ń kó ọmọ ogun jọ, ló ń wá owó tí wọ́n á fi bọ́ wọn, ló ń ṣe òfin tí wọ́n á máa tẹ̀ lé, ààrẹ sì ni olórí ogun. Wọn ò fún adájọ́ ní kọ́kọ́rọ́ bárékè.

Riverside yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ Simcha Goldman ti bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Captain ni nínú ọmọ ogun òfúrufú, rábì ni, ó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ní ilé ìwòsàn bárékè, ó sì ń dé fìlà kékeré táwọn Júù máa ń dé sí àárín orí. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu fún ọdún bíi mélòó kan, àfìgbà tó lọ jẹ́rìí gbe ẹnì kan tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ní kóòtù ológun ní 1981, ni lọ́yà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì bá lọ fi ẹjọ́ fìlà sùn. Ó bá ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n fi 5 sí 4 dá a lẹ́bi ní 1986, wọ́n ní ọ̀rọ̀ aṣọ ológun, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ológun ni. Ó dunni o! Àmọ́ nígbà tó fi di 1987, ilé aṣòfin ti ṣòfin pé sójà lè lo ohun ẹ̀sìn tó bá mọ́ tí kò sì pàfiyèsí, tí ò bá ti dí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, kì í ṣe Júù nìkan ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀.

Ní 2022, ọ̀rọ̀ tún yí bírí, adájọ́ kan ní Texas, Reed O'Connor, ní kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi má fìyà jẹ àwọn SEAL, ìyẹn àwọn akọni ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń rán níṣẹ́ àkànṣe, tó kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà torí ẹ̀sìn, lọ́tẹ̀ yìí àwọn tí inú wọn ò dùn sí àṣẹ Phillips ló ń pàtẹ́wọ́ fún adájọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé àwọn ọ̀gá ológun lè wo ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ń pinnu ẹni tí wọ́n á rán lọ síbi iṣẹ́. Ta ló wá fòpin sí àṣẹ abẹ́rẹ́ yẹn? Àwọn aṣòfin náà ni, nínú oṣù kejìlá.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kóòtù wá máa kawọ́ gbera ni? Rárá o. Sharron Frontiero, lẹ́fútẹ́náǹtì nínú ọmọ ogun òfúrufú, lọ sí kóòtù torí pé wọn ò fún òun ní owó ilé tí wọ́n ń fún ọkùnrin tó níyàwó láìbèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre 8 sí 1 ní 1973, wọ́n sì ṣe dáadáa, torí owó oṣù àti ẹ̀tọ́ sójà ò kan bí wọ́n ṣe ń jagun. Adájọ́ tó bá rí ìrẹ́jẹ báyìí tó dákẹ́, kò ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Tiwa náà ńkọ́? Lọ́yà Festus Keyamo gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní 2008, ó ní ààrẹ ò lè dá yan àwọn olórí ọmọ ogun láìjẹ́ kí ilé aṣòfin fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 1 oṣù keje 2013 ni Adájọ́ Adamu Bello dá a láre ní Abuja. Kò yan ọ̀gágun kankan, kò sọ ẹni tó yẹ, ohun táwọn aṣòfin kọ ló kà sétígbọ̀ọ́ ààrẹ. Nígbà tí Jonathan fẹ́ yan àwọn tuntun ní oṣù kìíní 2014, ó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sáwọn sẹ́nétọ̀.