Budapest Gambit: bí dúdú ṣe ń dẹ pàkúté fún funfun

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá láti ìlú mìíràn. Ẹ to bọ́ọ̀dù yín. Dúdú la ó fi ta lónìí, Budapest Gambit la ó sì kọ́. Gambit ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi pọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ eré kó lè rí àǹfààní. Bí mo bá pe ilé kan, bíi d4, lẹ́tà ló ń sọ òpó, nọ́ńbà ló ń sọ ìlà.

Funfun gbé pọ́ọ̀nù sí d4, ẹṣin wa bọ́ sí f6. Ó tún gbé c4. Ó yá, e5! Ẹ má fòyà, a mọ̀ọ́mọ̀ ju pọ́ọ̀nù yẹn sí i lẹ́nu ni. Bó bá ti jẹ ẹ́, ẹṣin wa á fò sí g4, kó lè gba gbèsè wa padà. Bí Milan Vidmar ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ìdíje Berlin lọ́dún 1918, tó fi na Akiba Rubinstein láàárín ìgbésẹ̀ 24. Rubinstein sì rèé, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé nígbà náà!

Funfun fi bíṣọ́ọ̀bù sí f4 láti ṣọ́ pọ́ọ̀nù e5. Ẹṣin wa kejì jáde sí c6, tiẹ̀ jáde sí f3, bíṣọ́ọ̀bù wa bọ́ sí b4: ṣẹ́ẹ̀kì, ó ti dojú kọ ọba rẹ̀! Níbí, Rubinstein fi ẹṣin dí i ní c3. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí bíṣọ́ọ̀bù wa lè jẹ ẹ́, kó ba ìtò pọ́ọ̀nù wọn jẹ́. D2 ni wọ́n ń gbé ẹṣin sí. Ohun tá à ń wá nìyẹn. Ayaba wa, ó di e7.

Funfun gbé a3, ó ń lé bíṣọ́ọ̀bù wa. Ibí lọwọ́ àwọn ọmọ ti máa ń yá jù, wọ́n á fẹ́ fà á sẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kàn án! Nínú ìdíje, ohun tó o bá fọwọ́ kàn lo máa gbé. Ẹṣin g4 ni kẹ́ ẹ fi jẹ pọ́ọ̀nù e5.

Bí ojúkòkòrò bá mú un jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin e5 á fò sí d3. Ṣẹ́kìméètì! Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa. Pọ́ọ̀nù e2 ì bá jẹ ẹṣin yẹn, àmọ́ ayaba wa ní e7 dojú kọ ọba rẹ̀ tààrà. Bí pọ́ọ̀nù bá kúrò, ọba kú. Ẹṣin d2 dínà mọ́ ayaba rẹ̀, e2 dínà mọ́ bíṣọ́ọ̀bù f1. Ọba ò ríbi sá, àwọn èèyàn rẹ̀ ló yí i ká. Ní Ojúde Ọba tiwa, ẹṣin ń wá kí ọba ni. Eléyìí wá pa á ni.

Bí funfun bá gbọ́n, tó fi ẹṣin f3 jẹ ti e5, ẹ fi ti c6 jẹ ẹ́ padà. Á gbé e3 kí ọba lè mí. Ẹ fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin d2, ayaba rẹ̀ á gbẹ̀san, kẹ́ ẹ wá gbé d6, kẹ́ ẹ sì tètè fi ọba yín pamọ́. Pọ́ọ̀nù wa ti padà sọ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá o, ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni wọ́n sì ti lágbára jù, nítorí náà ẹ má kánjú ṣí àárín bọ́ọ̀dù.