Ibi Tí Ẹ Ó Gbà Jáde Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Àdéhùn Nẹ́tíwọ́ọ̀kì YouTube Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ̀yin tó ń ṣe skit, ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè tàbí tó ń gbé ìwàásù sórí YouTube, gbogbo yín lọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì bá ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ímeèlì yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọ̀pọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì jọ sábẹ́ ara rẹ̀, ní kí ẹ wá dara pọ̀ mọ́ òun: òun á bá yín wá onípolówó, òun á bá yín lé àwọn tó ń jí fíìmù yín gbé, 70% á jẹ́ tiyín, 30% á jẹ́ tòun. Orí 30% yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà lọ. Wọ́n á ná an títí yóò fi di 20%, wọ́n á sì fi ayọ̀ buwọ́ lù ú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó san 30%, tó lè jáde láàárín oṣù kan, sàn ju ẹni tó san 15%, tí kò rọ́nà jáde fún ọdún márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún yín pé kí ẹ ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti kọ bí àdéhùn ṣe ń parí, kí ẹ tó padà síbi owó.

Àmọ́ kí ẹ tó ka ohunkóhun rárá, ẹ bi ara yín ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn. Láyé ìgbà tí YouTube ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó ní 2007, àwọn díẹ̀ ló ń yàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wúlò fún ẹni tí kò rọ́nà wọlé. Lónìí, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹni tó bá ní alátẹ̀lé 1,000, tí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí tí wọ́n ti wo Shorts rẹ̀, ìyẹn àwọn fídíò kúkúrú, ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 90, lè béèrè fún owó ìpolówó fúnra rẹ̀. YouTube á fún un ní 55% nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, àti 45% nínú ti Shorts. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ń ṣèlérí pé òun á jẹ́ kí YouTube máa sanwó fún yín, ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín ló ń tà fún yín.

Ohun tí a rò pé ó tó owó ni Content ID. Ẹ̀rọ yìí máa ń fi fíìmù yín wé gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń gbé sórí YouTube. Bó bá rí ẹni tó gé ìdajì wákàtí níbẹ̀, ó lè dí i mọ́lẹ̀, ó sì lè darí owó ìpolówó rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. YouTube kì í gbé e lé gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tó ní iṣẹ́ púpọ̀ ló ń fún. Fún ẹni tó ń ṣe fíìmù Yorùbá, tí wọ́n ń gé fíìmù rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó di ọjọ́ kejì, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti wà nínú ètò owó YouTube ní Copyright Match Tool lọ́fẹ̀ẹ́ nínú YouTube Studio, ojú ewé tí ẹ ti ń bójú tó ṣánẹ́ẹ̀lì yín. Irinṣẹ́ yìí ló ń fi àwọn tó gbé odindi fídíò yín sí ibòmíràn hàn yín. Ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ohun tí yóò ṣe tó ju ìyẹn lọ, àti bóyá ó ń ṣọ́ Facebook pẹ̀lú, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn gígé wọ̀nyí ń sá lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ká sọ pé ẹ buwọ́ lu ìwé ọlọ́dún méjì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025. Yóò parí ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2027. Gbólóhùn kan á wà níbẹ̀ pé bí ẹ ò bá kọ̀wé ní ọjọ́ 90 ṣáájú, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ fún ọdún méjì mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ tí ìwé yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2026, àsìkò tí gbogbo yín ń sáré fíìmù ọdún Kérésì. Bó bá lé ní ọjọ́ kan, ó di 2029. Ẹ ní kí wọ́n yọ àtúnbẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò pátápátá, tàbí kó máa jẹ́ láti oṣù dé oṣù lẹ́yìn ọdún kìíní, kí ẹ lè fi ìwé ìfilọ̀ ọjọ́ 30 jáde nígbàkígbà. Ẹ wo ibi tí ìwé ìfilọ̀ gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú. A ti rí àdéhùn tó ní lẹ́tà bébà nìkan ni òun ń gbà, ní àdírẹ́sì kan ní Los Angeles. Kí wọ́n kọ ímeèlì sí i.

Jíjáde lórí ìwé yàtọ̀ sí jíjáde nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fi fíìmù yín sínú Content ID, orúkọ tirẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀ bí ẹni tó ni ín. Bí àdéhùn bá parí, tó sì gbàgbé tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ náà sílẹ̀, ìwọ̀nyí ló ń ṣẹlẹ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun gbé fíìmù kan náà wọlé, ẹ̀rọ rí i pé èèyàn méjì ló ń pe ara wọn ní olóhun, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, lílé àwọn olè á sì dúró gbọnin títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ á di ẹ̀sùn ru fídíò tí ẹ̀yin fúnra yín gbé sórí ṣánẹ́ẹ̀lì yín kejì, owó rẹ̀ á sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, wọ́n á tú ṣánẹ́ẹ̀lì yín sílẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ wọn kúrò lórí gbogbo fíìmù yín nínú Content ID, wọ́n á sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pé àwọn ti ṣe é. Ẹ so owó ìkẹyìn mọ́ ọn: kó wọlé láàárín ọjọ́ 60.

Àwọn kan tún máa ń kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, àwọn á ṣì máa gba 30% fún oṣù 12 lórí gbogbo fídíò tí ẹ gbé jáde nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn. Lórí owó tí wọ́n ti bá yín gbà lọ́wọ́ àwọn olè kí ẹ tó lọ, oṣù mẹ́ta kò burú. Lórí odindi owó ṣánẹ́ẹ̀lì, ẹ fagi lé e.

Ẹ̀tọ́ ìní ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ fíìmù wa kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ló ta fíìmù fún máákẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Alaba láyé VCD, lórí ìwé pélébé tí kò sọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí YouTube dé, máákẹ́tà ní òun ra gbogbo rẹ̀ tán, aṣefíìmù ní VCD nìkan ni òun tà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022 ní Nàìjíríà ní gbígbé ẹ̀tọ́ fúnni àti ìyọ̀ǹda tó yọ gbogbo ẹlòmíràn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ààbò ni fún yín, àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ bá fọwọ́ yín buwọ́ lù lè so yín mọ́lẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "in perpetuity" nínú ìwé yín. Bó bá wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fídíò yín, títí ayé ni ẹ fún wọn. Ní nǹkan bíi 2013, irú gbólóhùn yìí nínú àdéhùn Machinima, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá àwọn tó ń ṣe fídíò géèmù ní Amẹ́ríkà, dá ariwo púpọ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò wá pẹ́ láyé tó àdéhùn tó ń kọ: ní oṣù kìíní ọdún 2019, fídíò orí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó tóbi jù di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí wò mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Ìyọ̀ǹda ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe ìní. Kó wà fún àsìkò àdéhùn nìkan, kó sì dárúkọ YouTube tàbí àwọn ibi tí ẹ jọ sọ. TikTok, tẹlifíṣọ̀n, gbọ̀ngàn sinimá àti ohun tí wọn kò tíì dá sílẹ̀ lónìí, kí gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Nípa owó, ẹ jẹ́ ká fi 1,000 dọ́là ṣírò rẹ̀. Onípolówó san 1,000 lórí fídíò yín. YouTube mú 450, ó ku 550. Bí ìwé bá ní 30% nínú owó tí YouTube san, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú 165, ẹ̀yin mú 385. Bó bá jẹ́ "gross" lásán, ìyẹn àpapọ̀ owó, ni wọ́n kọ, tí wọn ò túmọ̀ rẹ̀, ẹnì kan lè jókòó kó ní 30% nínú 1,000 ni tòun, ìyẹn 300, kó ṣẹ́ ku 250 fún yín. Owó orí Amẹ́ríkà tún wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ti ń gé e lára owó tó bá ti ọ̀dọ̀ òǹwòran tó wà ní Amẹ́ríkà wá, 30% ni fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, torí kò sí àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti Maryland ń wo fíìmù wa gan-an, nítorí náà ká ní ìdajì 550 yẹn ti ọ̀dọ̀ wọn wá: owó orí jẹ́ 82.50. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kí ẹ tó pín, ẹ̀yin á gba 327.25. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mú 165 rẹ̀ pé, tó wá di gbogbo owó orí rù yín, 302.50 lẹ ó gbà. Gbólóhùn kan péré ló fa ìyàtọ̀ yẹn, oṣooṣù ni yóò sì máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún owó àsansílẹ̀ jù gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n fún yín ní 10,000 dọ́là, inú gbogbo ilé ń dùn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà á padà? Bó bá jẹ́ láti inú gbogbo owó kó tó di pé ẹ pín in, ṣánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pa 10,000 kí ẹ tó tún rí kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ láti inú ìpín yín 70% nìkan, ó di nǹkan bíi 14,286, torí ní gbogbo àsìkò tí ẹ ń san gbèsè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń mú 30% tirẹ̀, ó lé ní 4,280 dọ́là. Ẹ tún wò ó bóyá àdéhùn kò lè parí títí gbèsè yóò fi tán. Bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, ọdún méjì tí wọ́n kọ sójú ìwé kò níláárí, ẹ ti di ìwọ̀fà. Kí wọ́n kọ ọ́ pé bí ọjọ́ bá pé, èyí tó bá kù di ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti gbé mì, tàbí kí ẹ lè fi owó kan san án tán kí ẹ sì lọ.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé náà ṣe pàtàkì. Bí owó yín bá ń gba àkáǹtì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ọ̀dọ̀ wọn ló wà títí wọ́n á fi san án. AdSense, ètò tí Google fi ń sanwó YouTube, ń san owó oṣù kìíní láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù kejì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fi ọjọ́ 45 kún un, ó di oṣù kẹrin. Nígbà tí Defy Media ní Amẹ́ríkà kógbá wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, owó àwọn oníṣánẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ há, torí báǹkì tó yá ilé-iṣẹ́ náà lówó ló kọ́kọ́ dé ibi ohun ìní rẹ̀. Ọjọ́ 15 ló tọ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi san owó yín lẹ́yìn tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi kún un pé bí wọ́n bá pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ, àdéhùn lè parí lójú ẹsẹ̀, àti pé ẹ lè wo iye tí YouTube san gan-an nínú YouTube Studio yín, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún yín nìkan.

Ewu kan wà tí ọ̀dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín ti ń wá. Àdéhùn á ní kí ẹ búra pé ẹ̀yin lẹ ni ohun gbogbo tó wà nínú fíìmù. Orin fújì àtijọ́ tó ń dún lábẹ́ ìran ìnáwó ńkọ́? Ìlù tí olóòtú ohùn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn náà rà? Bí ìlù yẹn bá wọ Content ID pẹ̀lú fíìmù yín, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan àwọn aláìṣẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì ní kí ẹ san gbogbo ohun tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ àkókò ìṣẹ́jú tí irú orin bẹ́ẹ̀ wà sílẹ̀, kí wọ́n yọ àwọn ibẹ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀rọ ń fi wéra. Kí ẹ sì fi ààlà sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín: kó má kọjá owó tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ wọn láàárín oṣù 12.

Ní ti onípolówó tí ẹ ń bá ṣe tààrà, ìpín wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá orí àwọn tí àwọn fúnra wọn mú wá. Ẹ kọ orúkọ àwọn oníbàárà yín àtijọ́ sínú àfikún ìwé. Ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ìgbàpadà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Láti inú YouTube Studio ni ìwé ìpè nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá, kò nílò ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé yín rárá. Kí wọ́n má sì gbé ohunkóhun sórí ṣánẹ́ẹ̀lì láìgbàṣẹ, torí ìkìlọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90 lè pa odindi ṣánẹ́ẹ̀lì, orí yín ni yóò sì já lé.

Ẹ bá ṣánẹ́ẹ̀lì méjì tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ mélòó ló gbà kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, àti bóyá owó ìkẹyìn wọlé. Kí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ fíìmù ka ìwé náà, pàápàá ibi tó ní California ni ẹjọ́ ti máa wáyé, kó bá yín gbà á sí Èkó tàbí kó jẹ́ ìlàjà orí fídíò. Lápá ìsàlẹ̀ níbẹ̀, gbólóhùn kan á wà pé ìwé yìí nìkan ni àdéhùn, ohunkóhun tí a bá ti sọ ṣáájú ti parẹ́. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìlérí tí ọmọkùnrin tó ń pè yín lórí WhatsApp ṣe, onípolówó mẹ́ta lóṣù, ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí yóò máa dáhùn yín láàárín ọjọ́ méjì, kò sí mọ́. Ẹ kọ wọ́n jọ sójú ewé kan, kí ẹ fi kún àdéhùn, kí tọ̀tún-tòsì buwọ́ lù ú. Ìgbà tí ẹ̀dà tí àwọn náà ti buwọ́ lù bá tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó lọ tẹ ìfọwọ́sí nínú YouTube Studio.