Kúlà tí ọ̀rẹ́ mi gbàgbé sí gárèèjì

Àsàláàmù aléékúmù wàráhmọ́túlááhì wàbárákátù, ẹ̀yin èèyàn mi. Jímọ̀ tún dé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ ká rí i. Ẹni tí ò bá tíì ka Súrátù Káfì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wáyè kà á kí oòrùn tó wọ̀, torí inú súrà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ lọ ilé kéwú n'Íbàdàn ni, a ti mọra látìgbà tá a ti ń kọ álífù lójú wàláà. Láti 2009, tí Iléyá bá ti kọjá báyìí, àwa méjèèjì á fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó wọ mọ́tò, a ó lọ síbi téèyàn ò ti mọ̀ wá, ká sinmi, ká sọ̀rọ̀, ká ráyè ké kéwú láìsí pé ẹnì kan ń pè wá. A ti lọ Olúmọ l'Abẹ́òkúta, a ti gun òkè Ìdànrè, a ti lọ síbi omi tó ń já látòkè l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìnákúnàá ni, mi ò gbà. Ọlọ́hun ló ní ká rìn lórí ilẹ̀ ká wo bóun ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá, Súrátù Ankabúúti, áàyà 20. Téèyàn bá wá rí ẹni tó jẹ́ pé tilẹ̀ bá mọ́ ní ìlú tí kì í ṣe tiyín, òun ló máa jí ẹ sí ìrun Àsùbáà, kó di onítọ̀hún mú dáadáa.

2018 la lọ sí Ìkògòsì l'Ékìtì. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n á pàdé, wọ́n á jọ máa ṣàn lọ. Ó pẹ́ tá a ti ń sọ pé a máa lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló di oúnjẹ wa sínú kúlà, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹja díndín, ọ̀rẹ́ mi sì tún ki ₦15,000 tá a jọ dá sínú báàgì tó wà lórí kúlà yẹn. A sọ̀ nínú mọ́tò ní Iléṣà ká lè wọ òmíì, a kírun Àyílà àti Aláásárì, a dín in kù sí méjì méjì bí arìnrìn-àjò ṣe máa ń kí i, a bá wọ mọ́tò Èkìtì, a ti ń gòkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ kí ebi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí tí mo ní kó gbé oúnjẹ wa wá. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, mo ti gbàgbé ẹ̀ sí gárèèjì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo sọ sí i lójú gbogbo èrò mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Mo pè é lórúkọ tí kò yẹ kí Mùsùlùmí pe Mùsùlùmí. Kò fèsì. A dé Ìkògòsì, a sùn nínú yàrá kan náà, a ò bára wa sọ̀rọ̀, síbẹ̀ lásùbáà ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ó ti tó àkókò ìrun. Mo kírun lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ìbínú lọ́kàn. A padà sílé lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ó fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ lórí wọsáàbù, sàláámà lásán ni, kò fi nǹkan míì kún un. Mo kà á, mi ò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ Ànábì wa (SAW) ti sọ pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí kó yan ọmọ ìyá ẹ̀ lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n bá pàdé eléyìí á gbójú kúrò, tọ̀hún á gbójú kúrò, ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló dáa jù nínú wọn. Òun ló ti gba dídára yẹn, èmi tí mo ń bínú ò rí nǹkan kan gbà.

Nígbà tó di Jímọ̀ kan, mo jókòó sí mọ́ṣáláṣí, mò ń ka Káfì, mo dé áàyà 60. Ànábì Mùsá ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a rìn pé òun ò ní dúró títí òun á fi dé ibi tí omi méjì ti pàdé. Omi méjì! Mo ti ń kà á látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó dún létí mi. Wọ́n gbé ẹja dání, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n rìn kọjá, Mùsá ní gbé oúnjẹ wa wá, ìrìn àjò wa yìí ti mú wa rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní nígbà tá a dúró síbi àpáta lọ́hùn-ún, mo gbàgbé ẹja náà, Ṣàítánì ló mú mi gbàgbé. Kí ni Mùsá sọ? Kò bú u, kò ní ṣe o ò lójú ni. Ó ní ibẹ̀ yẹn gan-an là ń wá. Wọ́n bá tọ ipasẹ̀ ara wọn padà.

Èyí tó wá pa ẹnu mi mọ́ ni pé nínú áàyà 61, Ọlọ́hun ò sọ pé ọmọ yẹn ló gbàgbé ẹja. Ó ní àwọn méjèèjì ló gbàgbé ẹ̀. Ọmọ yẹn ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé èmi ni mo gbàgbé. Ẹ gbọ́ o, èmi náà sọ̀ nínú mọ́tò yẹn ní Iléṣà, èmi náà lójú, èmi náà ò wẹ̀yìn. Àwa méjèèjì la gbàgbé kúlà, òun ló gba ẹ̀bi fún wa.

Mi ò lè kà á dé ìparí. Bá a ṣe kírun tán mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ, mo dáhùn sàláámà tó ti fi ránṣẹ́, ó gbé àga fún mi kí n tó rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ pé ibà ń ṣe ọmọ ẹ̀ mọ́jú ọjọ́ tá a rìnrìn àjò, kò fojú kan oorun, kò sì fẹ́ já mi kulẹ̀ ni kò ṣe sọ fún mi.

Mo ń sọ èyí torí pé àná ni Àlàmísì. Nínú hádíìsì tó wà nínú Sọ̀híìhù Muslim, Ànábì (SAW) ní wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn àlùjánnà lọ́jọ́ Àtìnì àti Àlàmísì, wọ́n á forí jin gbogbo ẹrú tí kò fi nǹkan kan ṣorogún Ọlọ́hun, àyàfi ẹni tí ìkùnsínú wà láàárín òun àti ọmọ ìyá ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ dá àwọn méjì yìí dúró ná títí wọ́n á fi parí ìjà wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n á sọ ọ́. Mo máa ń ro iye Àtìnì àti Àlàmísì tí wọ́n fi dá èmi dúró nítorí kúlà ìrẹsì.

Torí náà ẹ gbé fóònù yín, ẹ wo sàláámà tẹ́ ẹ ti kà tẹ́ ò dáhùn, ẹ dá a lóhùn kí Àtìnì tó ń bọ̀ yìí tó dé. Ẹ má sọ pé òun ló jẹ̀bi. Ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, kó máa tọrọ àforíjìn fún un, kó ṣe sàárà fún un, kó sì máa kí àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Ọlọ́hun á forí jin àwa àti àwọn o, àámíìn.