Ìgbádùn Kò Ṣeé Kó Pamọ́ sí Báńkì

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè ni màá fi bẹ̀rẹ̀: ta ló sọ pé ìgbà téèyàn bá pé ẹni ọdún 65 ló tó lè sinmi?

Lọ́dún 1889, nígbà tí Otto von Bismarck jẹ́ olórí ìjọba Jámánì, wọ́n ṣòfin owó ìfẹ̀yìntì fáwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní ẹni tó bá pé ẹni ọdún 70 ni kó máa gbà á. Ọdún 1916 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 65. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi 70 bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1909. Amẹ́ríkà mú 65 nínú òfin ọdún 1935. Kì í ṣe pé wọ́n yẹ orúnkún àti ojú èèyàn wò kí wọ́n tó mú iye yìí o. Ohun tí àpò ìjọba lè gbé ni wọ́n ń wò.

Iye ọ̀hún kò sì dúró sójú kan. Faransé ṣòfin lọ́dún 2023 láti sún tiwọn díẹ̀díẹ̀ láti 62 sí 64, àwọn èèyàn sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Lọ́dún 2025, ilé aṣòfin Denmark fọwọ́ sí i pé tó bá fi máa di 2040, ó di 70. Ẹni tó bá ti so gbogbo ayọ̀ ayé ẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ọwọ́ ẹlòmíì ló kó o sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń ṣírò nǹkan méjì: iye ọdún tí ọmọ tuntun lè retí láti lò láyé, àti iye tó lè retí láti fi wà nínú ìlera pípé. Ní 2019, tá a bá da gbogbo ayé pọ̀, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí ọdún 73, ìkejì jẹ́ nǹkan bí 63. Mi ò sọ pé ọjọ́ téèyàn bá pé ẹni ọdún 63 ni àìsàn á kanlẹ̀kùn. Àròpọ̀ ni, àìsàn ìgbà èwe náà wà níbẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú ọdún mẹ́wàá tó yọ sílẹ̀ yẹn, ìgbà ogbó ló máa ń bọ́ sí. Ìgbà tá a sì ń to gbogbo fàájì jọ dè nìyẹn.

Ara la fi ń jayé. Kéèyàn tó pé ẹni ọdún 45 ni ọ̀pọ̀ ti ń na ìwé jìnnà sójú kí wọ́n tó lè kà á, torí lẹ́ńsì inú ẹyinjú ti ń le. Etí náà ń gba tiẹ̀ lọ: ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sọnù, kì í ṣe èyí tó ki. Ẹni tó fẹ́ràn orin lè di ẹni àádọ́rin ọdún kó ṣì máa gbọ́ ìlù ketekete, àmọ́ kí ìró agogo kéékèèké tó wà lókè orin náà ti pòórá, kóun alára má sì mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ. Imú náà ń kú díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ imú ló ni èyí tó pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní adùn oúnjẹ.

Ìgbádùn kan sì wà tí í dúró deni, òmíràn kì í dúró. Ìwé kíkà, ìtàkúrọ̀sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé, ìwọ̀nyí lè dúró de ẹni ọdún 75. Àmọ́ òkè gíga tẹ́ ẹ fẹ́ gùn, ijó àjómọ́jú, ọ̀nà jíjìn tẹ́ ẹ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rìn, orúnkún àti ẹ̀dọ̀fóró ló ni wọ́n. Èyí tó tún ń yára lọ jù wọ́n lọ ni ti ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa lé òun kiri ilé, kẹ́ ẹ gbé òun sọ sókè kẹ́ ẹ sì hán òun, ọdún mélòó ló kù kó tó máa tijú káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ má baà rí yín? Àwọn òbí tẹ́ ẹ fẹ́ bá rìnrìn àjò ńkọ́? Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹni tó bá fẹ́ to ohun tó fẹ́ gbádùn, kó má fi iye owó tó ń náni tò ó. Èyí tí ara máa kọ́kọ́ kọ̀ ni kó fi síwájú.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé owó ni kò jẹ́. Òótọ́ ni nígbà míì. Àmọ́ Suzanne Shu àti Ayelet Gneezy tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010 tó ń dà mí láàmú títí dòní. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé tí wọ́n á fi gba ìpanu lọ́fẹ̀ẹ́. Apá kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lò ó, apá kejì ní oṣù méjì. Àwọn olóṣù méjì lọ́kàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn máa lò ó, àwọn náà ló sì jókòó tì í jù títí ọjọ́ fi kọjá. Ọ̀fẹ́ ni o! Wọ́n tún rí i pé àlejò tó wọ̀lú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sábà máa ń dé ibi táwọn èèyàn ń wá wò nílùú ọ̀hún ju ẹni tó ti ń gbébẹ̀ fọ́dún kan lọ. Lójú wa, oṣù tó ń bọ̀ máa ń ṣófo. A kì í rí ìpàdé, ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná, àti ọkọ̀ tó máa dẹnu kọlẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ wo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Etí ẹ̀ ní ilà góòlù, wọ́n fi bébà sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà họ. Ó ń dúró de àlejò pàtàkì. Àlejò dé, wọ́n ní kì í ṣe irú èyí. Ọmọ gboyè, wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á fọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n di àwo sínú páálí, wọ́n sì gbé e ta. Bébà yẹn ṣì wà láàárín wọn.

Ohun mìíràn tí kì í hàn sáwọn tó ń sún un síwájú ni pé àkọ́mọ̀ọ́ṣe ni ìgbádùn. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì jí ní agogo márùn-ún, ara ẹ̀ á ṣì jí ní márùn-ún lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Á wẹ̀, á wọṣọ, á jókòó sórí àga, á máa wo fóònù. Kò sẹ́ni tó pè é. Gìtá tó ní òun máa kọ́ wà lára ògiri, àmọ́ ìka tó yẹ kó ti rọ̀ ní 40 ti gan. Àwọn tí kì í bá a sọ̀rọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti wà níbi iṣẹ́ tiwọn.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ba nǹkan jẹ́ o. Ẹ fowó pamọ́. Owó tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ní 30 á ráyè bímọ, ọmọ ẹ̀ náà á bímọ; èyí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 55 kò ráyè. Ẹni tó jẹ gbèsè tìtorí fàájì kò gbọ́ tèmi. Ohun tí mò ń bá wí ni ẹni tó lówó, tó láyè, tó ṣì ń fi ìsinmi ọdọọdún ẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn 132 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 1970 ní ìsinmi yẹn kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, wọ́n sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn láti fowó rọ́pò ẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n mọ̀ wá.

Nígbà tó kan ìbéèrè, ìyáàfin kan dìde. Ó ní, “Sà, ọkọ mi ní ká fara dà á, ká fẹ̀yìn tì ná. Kí ni kí n ṣe?” Mo ní kó má bá a jà. Kí wọ́n jọ jókòó, kí kálukú kọ ohun márùn-ún tó fẹ́ ṣe láyé, kó wá kọ ọjọ́ orí tí ara ẹ̀ á fi lè ṣe é mọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà tó ní bọ́ọ̀lù lọkọ òun máa kọ sí márààrún. Mo ní kó kọ ọ́, àmọ́ kó sọ bóyá wíwò ni tàbí gbígbá. Tó bá jẹ́ gbígbá, kí wọ́n ra bàtà lọ́sẹ̀ yìí.