Orógbó Nínú Ìgò Ìdánwò, Orógbó Nínú Ikùn

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ní ogún ìṣẹ́jú ni mo ní. Ó mọ̀ mí. Ó kàn sọ ọ́ ni.

Orógbó ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí àwọn bàbá wa ń fi í ṣe fún ikọ́ àti ọ̀fun, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ kolaviron, àdàlù àwọn flavonoid, irú èròjà kan inú ewéko, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n á fún àwọn eku kan ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n á fún àwọn mìíràn ní májèlé kan náà pẹ̀lú kolaviron. Ẹ̀dọ̀ àwọn tó gba kolaviron kì í bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Wàhálà dé nígbà tí ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ eku yìí, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò àgbo gbogboǹṣe.

Àwa onímọ̀ náà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí wa lórí ewé kì í kọjá DPPH. Omi ìdánwò aláwọ̀ àlùkò kan ni. Bí antioxidant, èròjà tí wọ́n ní ó ń dènà ìbàjẹ́ inú ara, bá kàn án, á di àwọ̀ ìyeyè, inú wa á dùn. Ewúro á yí i padà, efinrin á yí i padà, tíì inú ife yín gan-an á yí i padà. Mo mọ àwọn tó fi í gba ìgbéga. Ṣùgbọ́n kò sí DPPH lára ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ìbàdàn! Ìwọ̀n wo ló dé inú ẹ̀jẹ̀? Ohun tí mo ń bi wọ́n nìyẹn, wọn kì í fẹ́ràn mi.

Tó bá sì dé ibẹ̀ ńkọ́? Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní beta-carotene, antioxidant inú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa. Wọ́n lé ní 29,000 nínú ìwádìí náà. Èsì jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó.

Alága ti ń nawọ́ sí aago. Ti ara wíwú, ẹ jẹ́ n sáré: curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń lò fún un, kì í fẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀. Ní Íńdíà, 1998, wọ́n fi piperine kún un, irú èyí tó wà nínú iyèré wa, ìwọ̀n tó wọlé sì lọ sókè ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Mo fẹ́ dé orí...

Màmá kan dìde lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, bàbá àwọn ọmọ mi ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ọmọ wa ra kápúsù ata ilẹ̀ pupa oníyèré yẹn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù.”

Mo pa ìwé mi dé. Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún curcumin lè ṣílẹ̀kùn fún oògùn mìíràn pẹ̀lú. Ní 2018, ìjọba New Zealand kìlọ̀ nípa ẹnìkan tó ń lo warfarin tó fi ata ilẹ̀ pupa kún un: INR rẹ̀, ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, kọjá 10, bẹ́ẹ̀ 2 sí 3 la sábà máa ń fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa dà láìdá. Ẹ má jẹ́ kí bàbá dá warfarin dúró o. Kápúsù yẹn ni kí wọ́n dá dúró, kí ẹ gbé ike rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la, kí wọ́n yẹ INR wò. Èyí tí ẹ ń bù díẹ̀ sínú ìrẹsì kì í ṣe ẹjọ́ tiwa lónìí.