Omi Tí Ẹ Bù Lọ, Kí Ló Wí?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Òṣogbo nìyí, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn ìyá wa láti ọjà. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ ìkíni kúrò, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán kún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá kànga kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo kó ike kéékèèké dání, mò ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, mò ń bu omi kànga fún àyẹ̀wò. Ìyá àgbà kan fún mi ní okùn àti garawa, ó ní kí n jókòó kí n sinmi díẹ̀. Ó bi mí pé kí la fẹ́ fi omi ṣe. Mo ní a fẹ́ wò ó bóyá kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ wá sọ fún wa o.” Mo ní a ó wá.

A kò lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀gbin ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń wọ inú púpọ̀ nínú àwọn kànga náà, torí pé ṣáláńgá súnmọ́ wọn jù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi, wọ́n fún mi ní máàkì tó dára, ìwé náà sì wọ inú àpótí. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó tún gba àdúgbò yẹn kọjá. Ìyá jókòó síwájú ilé. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Kò bú mi, kò fajú ro. Ohun tó sọ ò ju pé, “Ọmọ mi, omi tí ẹ bù lọ, kí ló wí?”

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Omi yẹn náà ni wọ́n ń mu láti ọdún mẹ́ta wá.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wà nínú ìbéèrè ìyá yẹn. Àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń ráhùn pé aráàlú ò gbà wá gbọ́, pé àhesọ ni wọ́n ń gbọ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ni aráàlú ń fọkàn tán? Ẹni tó bá yá nǹkan tó sì dá a padà ni. Ìwádìí tí àbájáde rẹ̀ kò padà sí ojúlé tí a ti bu omi, tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tí a ti gba àkókò ènìyàn, kò tíì parí, ì báà ti jáde nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n l’Ámẹ́ríkà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò. Ní 1996, àrùn tó máa ń wú awọ ọpọlọ, tó ń mú kí ọrùn gan, ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wá. Wọ́n fún nǹkan bí 100 ọmọ ní oògùn yìí, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 5 kú nínú àwọn tó lo Trovan, 6 kú nínú àwọn tó lo èkejì. Bí a bá fi iye nìkan wò ó, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Ohun tó dun àwọn òbí ni pé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe sọ, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò oògùn ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ó sì di 2009 kí wọ́n tó fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò.

Ní 2003, wọ́n gbé àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé, Kánò ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ó máa sọ ọmọ àwọn di àgàn. Níhìn-ín lápá ọ̀dọ̀ wa, a ní àìmọ̀kan ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá; ẹni tí ejò ò bù jẹ rí ló máa pè é ní ojo. Àìsàn náà tàn láti Nàìjíríà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 2004, Kánò gbà, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn tiwọn náà bá wọn ṣe àyẹ̀wò àjẹsára náà, tí wọ́n sì gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Àwọn ẹ́míà àti àwọn málàmù wá di alágbàsọ fún un. Ní 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà ló kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ yín ló rántí òru ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2014. Fóònù ń dún káàkiri: ẹ dìde, ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní mú yín. Àwọn ará ilé tiwa náà wẹ̀ ẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ìròyìn sọ pé omi iyọ̀ yẹn pa. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀, ọjọ́ kan yẹn ti pẹ́ jù.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí àhesọ yẹn fi rọ́nà wọlé. Ẹ̀gbọ́n ló pe àbúrò, ìyá ló pe ọmọ. Èdè ilé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fún ènìyàn ní ohun tó lè ṣe lójú ẹsẹ̀, iyọ̀ sì ń bẹ ní ilé ìdáná. Ohun tí àwa ń sọ lọ́sẹ̀ yẹn, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé ìròyìn, kò ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé e rìn, kò sì ní iyọ̀ nínú.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ́gun Ebola lọ́dún náà. Wọ́n kọ orúkọ ènìyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn sílẹ̀, wọ́n sì ń lọ bá wọn nílé fún ọjọ́ 21 láti wò ó bóyá ara wọn gbóná. Àbẹ̀wò ojúkojú yẹn tó nǹkan bíi 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú nílẹ̀ wa, 8 kú, Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ọsibítù wà nínú wọn. Nígbà tó fi di 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ẹ ro iye ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn, iye ìgbà tí ẹnì kan ní “Ẹ káàárọ̀ o, èmi tàná náà ni.”

Mo fẹ́ kí ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì náà. Nígbà tí Fẹlá kú ní 2 oṣù kẹjọ 1997, ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ yìí ṣì ń jiyàn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ éèdì. Lọ́jọ́ kejì, Olíkóyè jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Ó ti ṣe mínísítà ìlera, dókítà ọmọdé ni, ó sì mọ ohun tí ayé máa sọ. Ó fi ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Mi ò tíì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ibi tó ń dun àwa onímọ̀ jù, pé wọ́n ń sọ pé a máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Òṣogbo ìlú aró ni, ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Aláró á ki aṣọ funfun bọ inú ìkòkò, á rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè mu dáadáa. Tó bá fà á yọ, aṣọ kì í tíì dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Oníbàárà tí kò rí i rí á figbe ta pé wọ́n ti ba aṣọ òun jẹ́. Aláró á gbọn ọ́n, á sá a sórí okùn, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i. Lójú rẹ̀ níbẹ̀, ewé á di àyìnrín. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú, wọ́n á tún un kì bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, àjọ ìlera àgbáyé ní kò pọn dandan kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa lo ìbomú. Ní 5 oṣù kẹfà, wọ́n ní kí aráàlú máa lò ó níbi tí èrò bá pọ̀ sí tí àrùn ti ń ràn. Aráàlú ní irọ́ la ń pa. Aṣọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Ẹ̀bi tiwa ni pé a ò sọ fún oníbàárà kí a tó fà á yọ pé àwọ̀ rẹ̀ máa yí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lẹ́nu: ohun tí a mọ̀ lónìí nìyí, ohun tí a ò tíì mọ̀ nìyí, ọjọ́ tí a máa padà wá sọ fún yín nìyí. Ọ̀rọ̀ kẹta yẹn la máa ń gbàgbé.

Ayédèrú aró náà wà o. Ní 1998, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Wakefield, gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 12 péré, ó so àjẹsára éèyí mọ́ ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọ tí wọ́n ń pè ní autism. Oníròyìn kan tọpinpin rẹ̀ títí àṣírí fi tú. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tó gbé e jáde fagi lé e, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 12 ti pọ̀ jù. Àwọn òbí kan ṣì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn dòní.

Lórí èdè, mi ò ní pẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá dé abúlé tó wà létí odò, tó sì sọ fún wọn pé schistosomiasis ni, wọ́n á kàn máa wò ó. Bó bá ní àtọ̀sí ajá, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n: ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ni. Orúkọ náà ti ṣi àwọn kan lọ́nà, wọ́n rò pé ìtọ̀ ajá téèyàn tẹ̀ ló ń fà á, nígbà tó jẹ́ pé ìṣáwùrú inú omi ló ń gbé kòkòrò náà, tó ń gba awọ ara wọlé bí ọmọ bá ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá tọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ sọ́nà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kẹta 2020, ní Ẹdẹ tó wà nítòsí wa, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer’s ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí mo béèrè nínú gbọ̀ngàn pé ta ló ti gbọ́ èyí rí, ọwọ́ mẹ́rin ló lọ sókè.

Odò wa ńkọ́? Gbogbo yín lẹ rí bí Ọ̀ṣun ti ṣe pọ́n bí omi amọ̀. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà máa ń fi kó wúrà jọ kì í ní òórùn nínú omi, sísè ò sì lè mú un kúrò. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa ju 400 ọmọ lọ. Ní oṣù kẹjọ 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó kò, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Ọ̀pọ̀ gbọ́, wọ́n sì mu ún, wọ́n tún bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi kì í dùn sí i. Ìyá ẹni ló sọ fún èèyàn pé omi náà ń fúnni lọ́mọ, ìyá náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìkìlọ̀ nìkan la sì ń gbé bọ̀. Mo lọ bá ìyá olórìṣà kan. Mi ò sọ pé odò ti bàjẹ́. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ń da nǹkan lé Yèyé lórí.” Ojú rẹ̀ yí padà. “Àwọn wo?” Mo bu omi sínú ife gíláàsì, mo gbé e sójú fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹrẹ̀ ti sọ̀ sí ìdí ife. Mo ní, “Èyí tí à ń rí nìyí, Ìyá. Èyí tí a ò rí ni mo wá torí ẹ̀.” Kò ṣèlérí fún mi pé òun ò ní mu ún mọ́. Ó ní kí n padà wá, kí n sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá kan láti ọjà ló béèrè ìbéèrè tí mo ní mo máa fi kún un. Ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ padà lọ bá ìyá oníkànga yẹn?”

Mo lọ. Lọ́sẹ̀ kejì tí ìyá oníkànga bi mí léèrè ni mo kó ìwé mi lọ. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí àbájáde yẹn, nítorí náà mo tún omi tuntun bù, mo sì mú èsì rẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣàlàyé pé kí wọ́n máa se omi mímu títí tó fi máa hó, pé ó yẹ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, àti pé omi máa ń burú sí i tí òjò bá pọ̀. Mo sọ fún wọn pé ní Bangladesh, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kun ẹnu kànga tí omi rẹ̀ ní májèlé, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ̀. Ìyá ní kí a kun tòun.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, “Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?” Mo dá ọjọ́ kan lẹ́yìn tí òjò bá dá. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó mú èédú wá, kó kọ ọjọ́ náà sára ògiri, níbi tí òun á ti máa rí i láti orí ìjókòó òun.